KÍ A TÓ DÁ ₦6,000 FÚN KỌ̀ǸPÚTÀ TUNTUN

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

   

Ẹni tó wà ní ìpàdé wa tó kọjá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Apá kan ní kí kálukú dá ₦6,000, ká ra tuntun, ká gbé ògbólógbòó yìí tà. Apá kejì ní àwọn ò ní kọ́bọ̀ tí àwọn máa dá, pé ìwé ńlá là ń kọ orúkọ sí kí kọ̀ǹpútà tó dé, kò sì sẹ́ni tó kú. Ìyá Alága wa bá ní kí oníkálukú lọ rò ó, pé a ó jọ parí ẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Èmi náà ti rò ó. Èmi ni mo ń jókòó ti ẹ̀rọ yìí jù, èmi ni mo ń tẹ ìwé ìròyìn tí ẹ ń kà yìí lórí ẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò kà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ti ń ná ọjà láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tú ìdí ìró yọ owó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ẹ má jẹ́ ká ra tuntun báyìí, ẹ má sì jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe níbi tó ti ń dùn ún, ká sì máa fi díẹ̀díẹ̀ tu owó òmíràn jọ. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Bí ìka kan bá ṣẹ̀, a kì í gé gbogbo apá.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ Ọ̀KAN NÍNÚ WA

Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹ̀fọ́ ló ń tà. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ kíákíá. Ẹ mọ òfin wa: ẹni tó bá san owó oṣù rẹ̀ déédéé fún ọdún kan gbáko, tí àìsàn ńlá bá dé sí i, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ₦150,000 nínú owó ìrànlọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ sáré wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní wọ́n ní kí àwọn mú owó wá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Mo tan kọ̀ǹpútà. Ó ń yí, ó ń yí, bí ẹni tó ṣìnà. Mo lọ, mo bọ̀, mo dá oníbàárà 3 lóhùn, ó ṣì ń yí. Nígbà tó máa ṣí ìwé orúkọ wa, iná lọ, kọ̀ǹpútà kú fin-ín. A tan jẹnẹrétọ̀, a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tún máa ṣí, ó ní ìwé náà ti bàjẹ́, òun ò lè kà á mọ́.

Akápò wa ní láìrí àkọsílẹ̀, òun ò lè gbé owó ẹgbẹ́ jáde. Ẹ má bínú sí i, òfin tí a jọ ṣe ló tẹ̀ lé. Ìyá Alága ló fi ₦80,000 sílẹ̀ nínú owó tí ó fẹ́ fi lọ kó ọjà. Ìyókù gba ọjọ́ 9 kí a tó rí àkọsílẹ̀ náà gbà padà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, obìnrin náà ti padà sí ìdí ọjà rẹ̀. Àmọ́ mi ò lè gbàgbé ojú ọmọ yẹn bó ṣe dúró tì mí lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Èmi ló yẹ kí n máa da àkọsílẹ̀ oṣooṣù kọ sínú ìwé ńlá, kí n sì tún máa gbé e sórí fíláṣì. Oṣù 4 ni mi ò ti ṣe é. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mi ò ní tì í sọ́rùn ẹ̀rọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní kò sẹ́ni tó kú, ẹ rọra. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní ká dá ₦6,000, ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin kan náà sọ fún mi nígbà tó gbọ́ iye yẹn: "Ìyá Akọ̀wé, ìdajì owó tí mo fi ń kó ẹ̀fọ́ láàárọ̀ nìyẹn o. Bí mo bá dá a, kí ni mo máa tà lọ́jọ́ kejì?" Ọ̀rọ̀ méjèèjì, ẹnu ẹnì kan náà ló ti jáde. Ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, kò sì ní owó tuntun.

ẸRỌ TÍ A NÍ

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì wọ ọ́fíìsì wa: kọ̀ǹpútà wa kì í ṣe èyí tí àpótí rẹ̀ wà lọ́tọ̀ tí ojú rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní all-in-one ni, gbogbo ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ojú tí à ń wò. Irú ẹ̀ kì í ṣe nǹkan àná. Ilé iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà gbé iMac tiwọn jáde ní ọdún 1998, ó sì gbajúmọ̀ gan-an; HP, Dell àti Lenovo náà ń ṣe tiwọn. A ra tiwa ní tòkunbọ̀ ní Computer Village, n'Ìkẹjà, ní ọdún 2019. Ìdí tí a fi yàn án dára: ọ́fíìsì wa kò tóbi ju ìsọ̀ kan lọ, wáyà iná kan ṣoṣo ló ní, kò sì jẹ iná púpọ̀ bíi ti alápòótí.

Àmọ́ bí gbogbo nǹkan rẹ̀ ṣe wà lójú kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣòro rẹ̀ wà lójú kan. Bí ojú alápòótí bá fọ́, o lè yá ojú kọ̀ǹpútà aládùúgbò so mọ́ ọn. Ti all-in-one kò rọrùn bẹ́ẹ̀, àyàfi bí ó bá ní ihò tí a lè gbà so òmíràn mọ́ ọn. Kò sì ní bátìrì nínú bíi láptọ́ọ̀pù. Iná lọ báyìí, ó kú báyìí, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà lè bàjẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an nìyẹn.

Ẹ má sì fi ojú kékeré wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Orúkọ àwa 180 wà níbẹ̀, owó oṣù wa, owó àjọ, ẹni tó yáwó, ẹni tó dúró fún un, nọ́ńbà ẹni tí a ó pè bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Ẹ rántí ọdún 2009, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó àwọn ìsọ̀ tó wà lẹ́bàá títì àti lẹ́bàá ojú irin l'Óṣòdì. Ẹ rántí oṣù Kìíní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n wó ọjà Owónífáàrí, tí wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà kó lọ sí ọjà mìíràn ní Bọ́ládé. Ìsọ̀ lè lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ìsọ̀ bá lọ, kí ló kù tí a fi ń pe ara wa ní ẹgbẹ́? Orúkọ tó wà nínú ìwé ni, àti ẹ̀rí owó tí kálukú ti san.

KÍ LÓ Ń ṢE É GAN-AN?

Ní ìpàdé, gbogbo wa ń pariwo "ó ti gbó, ó ti gbó." Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ti gbó. Mo pe ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà, ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ níṣojú mi, níṣojú Akápò. Ó ní nǹkan 3 ló ń ṣe é.

Èkíní ni háàdì dísìkì, ibi tí gbogbo ìwé wa ń sùn sí. Tiwa jẹ́ ti àtijọ́: àwo irin kan wà nínú ẹ̀ tó ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, apá kékeré kan sì ń sáré kiri lórí ẹ̀ láti wá ohun tí a béèrè. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà lóde báyìí ni wọ́n ń pè ní SSD. Kò sí ohun tó ń yí nínú tiẹ̀, bíi ti inú fóònù wa ló rí, kíá ló ń dáhùn.

Èkejì ni RAM. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣàpèjúwe rẹ̀. Háàdì dísìkì ni yàrá tí ẹ kó ọjà sí lẹ́yìn ìsọ̀. RAM ni tábìlì tí ẹ pàtẹ sí níwájú. Bí tábìlì bá kéré, oníbàárà kan á béèrè ìrẹsì, ẹ ó wọlé lọ gbé e; òmíràn á béèrè ẹ̀wà, ẹ ó gbé ìrẹsì wọlé kí ẹ tó rí àyè gbé ẹ̀wà síta. Tábìlì tiwa kéré, 4GB péré ni. Yàrá ẹ̀yìn wa sì tún jìnnà, ọ̀nà ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ṣé ẹ wá rí ìdí tó fi ń yí, tó ń yí?

Ẹ̀kẹta ni Windows tó wà lórí ẹ̀. Ìyẹn lọ́rọ̀ nínú, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ kedere, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ibi tó ń gba iná wọlé kò ní àbùkù. Ẹ̀yin tó ní ẹ̀rọ ata, nígbà tí ata ò bá kúnná mọ́, ṣé ẹ̀ ń lọ ra odindi ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ni? Irin méjèèjì tó ń lọ ata lẹ ń pààrọ̀. Ẹ lọ wo àwọn awakọ̀ ní Ládípọ̀ níhìn-ín. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ kì í ju ọkọ̀ sígbó bí ara ọkọ̀ bá ṣì le.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé gbogbo all-in-one ló ṣe é tún ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n ti jo RAM wọn mọ́ inú, kò ṣe é yọ, kò ṣe é fi kún. Àwọn iMac tó ń jáde láti ọdún 2021 jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iye tí o bá rà á ni ó máa wà títí tó fi máa kú. Ọpọlọ púpọ̀ nínú àwọn yòókù náà kò ṣe é pààrọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí a tó ra ohunkóhun. Tiwa ní àyè RAM 2, ọ̀kan ṣófo. Háàdì dísìkì rẹ̀ sì ṣe é yọ.

Ẹ̀RÍ ÀWỌN TÓ NÍ KÁ RA TUNTUN

Ẹ̀rí kan wà lọ́wọ́ wọn tó lágbára, mi ò sì ní fi pamọ́. Windows 10 ni kọ̀ǹpútà wa ń lò. Ó jáde ní oṣù Keje ọdún 2015. Ní 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i dúró. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí olè bá rí ihò tuntun tó lè gbà wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó máa wá dí ihò yẹn mọ́. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, àmọ́ àyè tí wọ́n fún kọ̀ǹpútà ilé kò kọjá oṣù Kẹwàá ọdún 2026.

Ṣé ká wá gbé Windows 11 sórí ẹ̀ ni? Ìyẹn jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ó sì ní ohun tó ń béèrè: RAM 4GB ó kéré tán, àyè 64GB fún ìkówèésí, àti ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti Intel, ó ní láti jẹ́ ìran kẹjọ sókè, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 2017. Tiwa, ìran kẹfà ni. Kò sí iye RAM tí a lè fi kún un tó máa sọ ìran kẹfà di ìran kẹjọ.

Àwọn ọmọ kan á ní àwọn lè gba ẹ̀yìnkùlé gbé e wọlé. Wọ́n lè gbé e o. Àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe á máa dé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Èmi ò fẹ́ kí àkọsílẹ̀ owó wa wà lórí ohun tí ẹni tó ṣe é ti ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Kí ló wá dé tí mi ò fi ní ká ra tuntun? Torí pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe fún wa kì í ṣe iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń kọ orúkọ, ó ń ro owó pọ̀, ó ń tẹ ìwé ìròyìn. Fóònù la fi ń gba owó, fóònù la fi ń fi owó ránṣẹ́, orí fóònù la ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Kí la fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ká já a kúrò níbẹ̀ pátápátá. Kí ẹnikẹ́ni má sì mú fíláṣì tirẹ̀ wá fi sí i, ìbáà ṣe ọmọ èmi Akọ̀wé, torí kòkòrò kọ̀ǹpútà ń gba ibẹ̀ náà wọlé. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn sí títì, olè títì kò ní rọrùn láti bá a.

Ọmọkùnrin yẹn tún dárúkọ Linux. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, pé irú àtúnṣe tí Microsoft dá dúró ṣì ń bọ̀ fún un, pé ó sì máa ń ṣe dáadáa lórí ẹ̀rọ tó ti dàgbà. Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ òógùn ojú ni mo fi kọ́ Windows, mo ti lé ní 50 ọdún. Bí ọ̀dọ́ kan bá wà nínú wa tó fẹ́ kọ́ ọ, tó sì máa dúró kọ́ èmi náà, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀. Mi ò ní sọ pé rárá.

Ẹ JẸ́ KÁ SỌ̀RỌ̀ OWÓ

Èdè wa nìyẹn. Àwa 180, ní ₦6,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦1,080,000 ni. Iye tí wọ́n pè fún wa fún all-in-one tuntun nìyẹn.

Èyí ni iye tí wọ́n pè fún wa fún àtúnṣe: SSD, ₦45,000. RAM 8GB, ₦45,000. Owó iṣẹ́ àti kíkó ohun inú háàdì dísìkì àtijọ́ sí tuntun, ₦15,000. Ẹ̀rọ UPS, tó máa ń gbé iná dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a lè rọra pa kọ̀ǹpútà bí iná bá lọ, ₦60,000. Fíláṣì 2, ₦15,000. Ẹ rò ó pọ̀: ₦180,000. ₦1,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdá kan nínú mẹ́fà ni.

Kí ló dé tí tuntun fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á wá. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù yẹn, nígbà tó fi máa di ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ. Lítà tí kò tó ₦200 di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo wa la sì mọ ibi tó dé lẹ́yìn ìyẹn. Láti ìparí ọdún 2025, RAM fúnra rẹ̀ tún ń gbówó lórí káàkiri àgbáyé, torí pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń kọ́ ọpọlọ àtọwọ́dá ń rà á jọ. Ẹ̀yin alátòmátì mọ̀ ọ́n: bí olówó kan bá dúró sẹ́nu ọ̀nà Mile 12 tó kó gbogbo apẹ̀rẹ̀, kí ló máa ṣẹ́ kù fún wa, èló ni wọ́n sì máa tà á?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a kọ́kọ́ fi SSD sí i. Òun ló máa mú ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù wá. Bí owó bá há, RAM lè dúró di oṣù kejì.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kùn pé, "Ta ló ń kó owó lé òkú ẹran?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi rèé. Kí a tó fi ohunkóhun kún ẹ̀rọ tó ti dàgbà, ká bi ara wa ní nǹkan 3. Ṣé ohun tí a fẹ́ rà yìí ló máa wo àrùn náà gan-an? Ṣé owó rẹ̀ kéré dáadáa sí owó òmíràn? Bí ẹ̀rọ náà bá kú lọ́la, ṣé a lè mú un dání lọ? Bí SSD bá ti jáde nínú ẹ̀, a lè fi í sínú àpò kékeré kan tí wọ́n ń tà, ká máa lò ó bíi fíláṣì ńlá. UPS àti fíláṣì á bá èyí tó bá tẹ̀ lé e ṣiṣẹ́. Nínú ₦180,000, ₦120,000 á bá wa lọ. RAM àti owó iṣẹ́, ₦60,000, nìkan ló máa bá ẹ̀rọ yìí sùn. Mo rò pé ọlọ́jà tó bá mọ ìṣirò á gbà bẹ́ẹ̀.

TÒKUNBỌ̀ ŃKỌ́?

Àwọn mìíràn ní ká fi owó kékeré ra tòkunbọ̀ òmíràn. Tòkunbọ̀ dára, òun náà la rà ní 2019. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká la ojú. Ní ọdún 2005, àwọn ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, Basel Action Network, wá wo Computer Village àti Alábà. Wọ́n kọ ọ́ pé nǹkan bí kọ̀ntéénà 500 ló ń kó àlòkù ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé àwọn tó mọ ọjà náà sọ fún wọn pé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni kò ṣe é tún ṣe, tí kò ṣe é tà. Ilẹ̀ la máa ń dà á sí, tí a máa ń dáná sun ún, tí àwọn ọmọ wa ń fa èéfín rẹ̀ símú.

Nígbà tí àsìkò bá tó tí a máa ra, kí ẹni tí a bá rán béèrè ìran ọpọlọ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ i5 sára rẹ̀, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí ó wò: 6 ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ìran kẹfà bíi tiwa, 8 ni ìran kẹjọ. Kí ó tàn án, kí ó jókòó tì í fún ìdajì wákàtí ó kéré tán. Kí ó béèrè bóyá RAM rẹ̀ ṣe é fi kún. Kí ó gba risíìtì. A kì í ra adìyẹ láìgbé e wò lábẹ́ ìyẹ́.

Nǹkan kan náà tún wà nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn tó dẹ́rù bà mí. Wọ́n ra háàdì dísìkì àlòkù l'Ékòó, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí ìwé àṣírí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ká gbé tiwa tà, ṣé ẹ rò ó débẹ̀? Orúkọ yín, nọ́ńbà yín, gbèsè yín ló máa bá a lọ. Títẹ̀ pé kí ó pa á rẹ́ lásán kò tó, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè hú u jáde. Ìjọba àpapọ̀ sì ti ṣe òfin ní ọdún 2023 tó ní kí ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn pamọ́ dáàbò bò ó. Bí a bá pààrọ̀ háàdì dísìkì yìí, kó má lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kó wà nínú àpótí Akápò, kó ní kọ́kọ́rọ́.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A FOHÙN SÍ

1. Kí kálukú dá ₦1,000, kì í ṣe ₦6,000. Ẹni tí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, kó san án ní ẹ̀mejì.

2. Kí ọmọ ẹgbẹ́ 2 tẹ̀ lé Akápò lọ ra àwọn nǹkan náà, kí wọ́n sì mú risíìtì wá sí ìpàdé. Èmi Akọ̀wé kò ní fọwọ́ kan owó náà.

3. Kí kọ̀ǹpútà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ tí àtúnṣe bá parí.

4. Kí àkọsílẹ̀ wa máa wà ní ibi 3: nínú kọ̀ǹpútà, lórí fíláṣì 2 tí ọ̀kan máa wà l'Óṣòdì tí èkejì máa wà n'Ìsọlọ̀, àti nínú ìwé ńlá. Bí oṣù bá parí tí èmi Akọ̀wé ò tíì ṣe é, kí Ìyá Alága bu owó ìtanràn lé mi. Mo ti fọwọ́ sí i kí ẹ tó bínú.

5. Kí a máa yọ ₦200 lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún èyí tó máa rọ́pò rẹ̀. ₦36,000 ni lóṣù kan, ₦864,000 ní ọdún 2. Kò ní dun ẹlẹ́fọ̀ọ́, kò sì ní jẹ́ ká tún máa jà nígbà náà. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ.

6. Kí ẹnì kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí wá kọ́ iṣẹ́ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìmọ̀ tó wà lórí ẹnì kan ṣoṣo, bí ìwé tó wà níbì kan ṣoṣo ló rí.

Ẹ̀yin ìyá mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Mo mọ̀ pé tuntun dùn ún wò, èmi náà ì bá fẹ́ jókòó síwájú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ọmọ ẹlẹ́fọ̀ọ́ dúró tì mí, kò bi mí bóyá kọ̀ǹpútà wa jẹ́ tuntun. Ó fẹ́ kí ó ṣí ni. Kí ó ṣí, kí orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, kí owó jáde. Bí ₦1,000 bá lè ṣe ìyẹn fún ọdún 2, kí ló dé tí a máa gba ₦6,000 lọ́wọ́ ìyá rẹ̀?

Ẹni tó bá ní èrò tó dára ju èyí lọ, kó mú un wá sí ìpàdé, kó sì jọ̀ọ́ mú iye owó rẹ̀ dání. Ọjà á tà o. Ẹ̀yin ti Aswani, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ á san yín.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé.